Kẹ́ẹ̀gì Omi Òjò Abẹ́ Ibùsùn Màmá

Ahun omi ni àwọn ọmọ mi ń pè mí, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí a ti gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sílé wa ní Ìjokò. Táńkì ńlá méjì wà lókè, ẹnu ẹ̀rọ sì wà ní ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, inú bàsíà ni mo ṣì ń dúró sí wẹ̀. Omi tí mo bá fi wẹ̀ ni mo fi ń nu ilẹ̀, èyí tí mo bá fi nu ilẹ̀ ni mo ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ tó ń fọ eyín, inú yàrá ìdáná ni màá ti kígbe mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyà ọ̀gbẹlẹ̀ ayé ìgbà tí a ń gbé ní Ọ̀tà ló ṣì ń dà mí láàmú.

Ìyà ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́. Ìyá bàbá wọn ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Mo sì ṣe ohun kan sí obìnrin náà tí n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ fún ẹnikẹ́ni.

Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà nítòsí ọ̀nà Ìdíròkò nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní Agbára, bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ló ń gbé e lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ìjọ ńláńlá ń kọ́lé, tí yunifásítì ń tẹ̀ lé wọn, tí ẹni tó bá sì ti ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé ń kọ́ yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà. Típà oníyanrìn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, eruku wọn ò sì mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ. Ilé tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kànga ni wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́. Kànga ń pọ̀ sí i, omi ń dín kù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, a ó máa so okùn mọ́ okùn kí garawa tó lè kan ìsàlẹ̀ kànga onílé wa, ẹrẹ̀ ló sì máa gbé wá fún wa.

Inú irú ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti Ọ̀ṣun dé. Ó ní òun wá wò wá. Orúnkún rẹ̀ ni kò jẹ́ kó padà mọ́. Obìnrin kékeré, adúmáadán, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà ọmọdé òun, ìdájí ni àwọn máa ń lọ sódò tí odò bá ti gbẹ. Wọ́n á gbẹ́ ihò sínú yanrìn, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa retí kí omi sun. Ó ní èèyàn lè jókòó títí oòrùn á fi yọ kó tó rí ìwọ̀n tó lè kún igbá kan. Èmi ní tèmi, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, odò Ògùn ni mo fi ṣeré dàgbà. N kò mọ ohun tí à ń pè ní kí èèyàn jókòó ti omi.

Kò pẹ́ tó fi gba àkóso dúrọ́ọ̀mù wa. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, òun la ó kọ́kọ́ fi fọ abọ́. Abọ́ tó bá ní epo, a ó fi eérú nù ún kí omi tó kàn án. Kọ́ọ̀pù tánganran kan ló fi ń bu omi. Tó bá ti bù ú tán, á fi ìdí kọ́ọ̀pù náà kan ẹnu dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, kọ́, kọ́, kí èyí tó ń kán lè kán padà sínú. Mo kórìíra ariwo yẹn. Ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ nígbà náà. Mo máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ fún ọkọ mi pé tí ìyá rẹ̀ bá lè ka omi lẹ́yọ-lẹ́yọ, ó máa kà á. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun.

Rọ́ọ̀gì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkọ mi ti bá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ò sì bá wa jà lórí rẹ̀. Nígbà tí ìjọ wa kó lọ sí ilé tuntun, wọ́n gé rọ́ọ̀gì iwájú pẹpẹ àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, èmi náà sì gba tèmi. Aláwọ̀ ewé ni, ó nípọn, ó bo pálọ̀ wa láti ògiri dé ògiri. Inú mi dùn débi pé mo lè jókòó lórí rẹ̀ lásán kí n máa fọwọ́ pa á. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí n lọ bu lẹ́búlẹ́bú tó máa ń dà sílẹ̀ nídìí ayùn àwọn agépákó. Á wọ́n omi díẹ̀ sí i, á pò ó títí á fi tutù díẹ̀, á fọ́n ọn sórí rọ́ọ̀gì, á wá fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ. Gbogbo eruku á tẹ̀ lé e. Àbọ̀ kọ́ọ̀pù omi ló máa ń ná an. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ n kò gbà fún un lójú ara rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń ta òróró. Omi òjò àrọ̀kúrò ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ṣàn lórí páànù o. Àárín àgbàlá ló gbé bàsíà sí, kí òjò lè bọ́ sínú rẹ̀ tààrà láti ojú ọ̀run. Ọdún tó ṣáájú, ìyá kan kú ní ilé kejì sí wa, ọ̀sán sì pọ́n kí wọ́n tó rí omi wẹ òkú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé garawa kiri ilé onílé. Ìyá ọkọ mi rí i, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ó pè mí wọ yàrá lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ lu kẹ́ẹ̀gì náà.

"Ìyàwó mi, tí ọjọ́ mi bá pé, ìwọ ni kí o gbé e fún àwọn tó máa wẹ̀ mí," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n máa tọrọ omi kiri nítorí mi."

Mo kúnlẹ̀, mo ní wọn ò ní í kú, wọ́n máa pẹ́ fún wa, gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi ṣe máa ń sọ. Nínú mi, mo ń rò ó pé àgbà ti ń ṣe àṣejù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i láràárọ̀, tó bá kírun tán, tó máa na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, tó máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì náà, kó tó dìde.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo ń bu epo pupa sínú ìgò ní pálọ̀, tí mo ń sọ̀rọ̀ tí n kò wo ọwọ́ mi. Epo dà sí àárín rọ́ọ̀gì. Ọjọ́ Sátidé náà ni ìpàdé àdúrà inú ilé máa wáyé lọ́dọ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyàwó pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń bọ̀. Mo fi ọwọ́ lérí. Ìyá ọkọ mi ò bá mi wí. Gààrí ló bù lé epo náà, ó ní kí a jẹ́ kó fà á. Ó gbá a kúrò, ó tún bu òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ló po ọṣẹ nínú abọ́ kékeré, ó pò ó títí ó fi di ìfófòó, ìfófòó nìkan ló sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kó sórí àpá náà, tó ń fi àkísà tó fún gbẹ nù ún. Abọ́ omi kan péré ni. Nígbà tó ṣe tán, ohun tó kù ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó rí i.

Ó ní kí n gbé tébù kékeré lé e lórí.

N kò fẹ́ gbé tébù lé e. Rọ́ọ̀gì tó ti iwájú pẹpẹ wá ni, mo sì fẹ́ kí ìyàwó pásítọ̀ rí gbogbo rẹ̀. Ìgbéraga ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá lọ kí Jímọ́ọ̀. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mẹ́ruwà tó ń ta omi ò kọjá ládùúgbò wa fún ọjọ́ méjì nítorí pé iná ò sí níbi tí wọ́n ti ń bu omi. Omi tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù ò ju èyí tí a ó fi se oúnjẹ lọ. Mo ká rọ́ọ̀gì, mo gbé e lọ sí orí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, mo sì padà wọ yàrá ìyá ọkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa kẹ́ẹ̀gì náà jáde. Mo mọ ohun tó wà fún. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé òjò àkọ́kọ́ ò ní í pẹ́ rọ̀, màá sì kún un padà kó tó mọ̀.

Rọ́ọ̀gì ń mu omi bí aláàárù. Ìdajì kẹ́ẹ̀gì ti lọ kí ọṣẹ elétù tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, mo wá fi èyí tó kù ṣan án. Mo gbé bàsíà sí etí sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, mo gbe omi tí mo fi ṣan án. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìyá yẹn ti kọ́ mi débi pé ọwọ́ mi ò lè jẹ́ kí omi ṣòfò, àní nígbà tí mo ń ja òun gan-an lólè. Mo jẹ́ kó tòrò. Ó tòrò díẹ̀, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà. Mo fi gèlè mi sẹ́ ẹ padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò kún, mo sì bu láti inú dúrọ́ọ̀mù kún un, kó lè wúwo bó ṣe máa ń wúwo. Mo dé e. Mo tì í padà sí àyè rẹ̀, mo sì nu ilẹ̀ tí mo fà á gbà.

Nígbà tí rọ́ọ̀gì gbẹ lọ́jọ́ kejì, àpá epo náà padà yọjú, ó tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ni mo gbé tébù lé e.

Àwọn ará ìpàdé wá, wọ́n yin rọ́ọ̀gì, wọ́n lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni ìyá ọkọ mi jáde sí pálọ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan rọ́ọ̀gì náà, ó ní ó mọ́ o. Ó bi mí ibi tí mo ti rí omi tó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní mẹ́ruwà kan ló kọjá nígbà tí wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún mi, ó ní Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí omi wọ́n mi láyé mi. Mo ṣe àmín. Ọlọ́run sì gbà á, ẹ wo kànga dẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń wo ojú ọ̀run. Òjò ọdún yẹn pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣú, afẹ́fẹ́ gbé aṣọ lórí okùn, mo sì ti gbé bàsíà sí àárín àgbàlá. Kò rọ̀. Ìlú Àtàn ló lọ rọ̀ sí, àwọn èrò tó ti ibẹ̀ bọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú títì pẹ̀lú bàtà tútù. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo bàtà wọn, omijé sì bọ́ lójú mi. Nígbà kan, mo tilẹ̀ ra omi mímọ́ lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì méjì, kí n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ti dá ìyá mọ́ yàrá lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Orí ibùsùn yẹn ló wà. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà fa kẹ́ẹ̀gì jáde lábẹ́ rẹ̀? Mo fi omi náà sebẹ̀. Mo lè jẹ́wọ́ fún un nígbà yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nílé àfi àwa méjèèjì. Ojú tì mí. Àràárọ̀ ni mo sì ń rí i tó ń na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó mu ẹ̀kọ díẹ̀, ó ní àyà ń jó òun, ó dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé pẹ̀lú ìyá onílé, ó ti lọ.

Àwa onígbàgbọ́ máa ń gbé òkú sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ mi ní Agbára, ó sì dé. Àwọn obìnrin mẹ́ta dé láti inú ẹgbẹ́ àsàláátù rẹ̀, wọ́n gbé likáfánì, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń di òkú, àti káfúrà dání, wọ́n ta aṣọ yí ẹ̀yìnkùlé ká. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó wọ awò ojú, béèrè omi. Kí n tó lanu, ọkọ mi ti wọ yàrá. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde, ó ń sunkún, ó sì ń yangàn pẹ̀lú ẹkún.

"Omi rẹ̀ nìyí," ó ní. "Òjò ló fi pamọ́ de ara rẹ̀."

Ìyá aláwò náà ní kí wọ́n fi omi dúrọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀, kí ti Màmá fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣekẹ́yìn, torí òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn lára rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé omi fún wọn. Mo gbé e. Mo ń da díẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ó jẹ́ ọ̀fọ̀ náà, nítorí mo ti fẹ́ràn obìnrin náà láìmọ̀, àárín dúrọ́ọ̀mù àti bàsíà ni ìfẹ́ náà ti wọlé.

Nígbà tó kan àṣekẹ́yìn, ìyá aláwò ṣí kẹ́ẹ̀gì náà. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Òjò ni?"

"Òjò ni, mà."

Ó wọ awò rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló tú káfúrà sínú omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lára. Mo rí i nígbà tí ìfófòó kékeré kan hó ní èjìká rẹ̀ ọ̀tún. Kò ju owó ẹyọ kan lọ. Àwọn méjì tó kù ò rí i. Ìyá aláwò rí i. Ó na ọwọ́ sí búùtà tó fi ṣe àlùwàlá tirẹ̀, ó da èyí tó kù nínú rẹ̀ sí èjìká náà, ó fi ọwọ́ pa á títí ó fi mọ́. Omi búùtà náà ò lè tó gbogbo ara. Èjìká nìkan ló tó. Ó gbé búùtà náà sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé likáfánì wá. Nígbà méjì ni mo ti rí i ní ọjà Sango lẹ́yìn náà, ìgbà méjèèjì ni mo sì sọdá sí òdìkejì títì.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà tí a ń ṣe fìdáù rẹ̀. Àwọn àáfáà ní ojú rere Ọlọ́run ni. Àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ tẹ́ǹtì, èmi sì gbé bàsíà lọ sí àárín àgbàlá, mo dúró tì í nínú òjò pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà, mo jókòó ti omi, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ mi ṣe ní àwọn ń ṣe. Mo fọ kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo kún un, mo gbé e padà sábẹ́ ibùsùn tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi rí mi. Ó fa mí mọ́ra, ó sì sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ pé irú ìyàwó báyìí ṣọ̀wọ́n.

Rọ́ọ̀gì náà ò gbẹ dénú rí. Tí òjò bá ti rọ̀, á máa rùn, ọṣẹ, epo àti eruku pọ̀ mọ́ra. Mo gé e, mo lọ jù ú sínú igbó lẹ́yìn àwọn agépákó. Òórùn náà bá wa kó dé Ìjokò, orí sìmẹ́ǹtì tí kò ní rọ́ọ̀gì kankan lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo kọ́ọ̀pù. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ, ní ọ̀sán gangan, kí n ti omi pa, kí n sì gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, kọ́, kọ́. N kì í yí padà. Mo máa ń dúró kó parí ni.

Ọdọọdún ni mo ń da omi kẹ́ẹ̀gì náà nù, tí mo ń fi àrọ̀kúrò tuntun kún un. Àwọn ọmọ ní àṣà ìyá àgbà wọn ni mo gbé ró. Ọdọọdún sì ni ọkọ mi máa ń sọ pé ohun kan ló ń tu òun nínú, pé ìyá òun ò tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òjò tirẹ̀ ló bá a lọ.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún ìyá rẹ̀ ti wọ ara rẹ̀. Nígbà àrọ̀kúrò tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kún kẹ́ẹ̀gì náà tán nígbà tó pè mí. Ó ní òun mọ̀ pé pásítọ̀ á rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé mọ́ṣúárì ló kù tí wọ́n ń gbé òkú lọ nísinsìnyí, àmọ́ kí n jọ̀ọ́, kí n gbé kẹ́ẹ̀gì náà sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ti òun. Tí ọjọ́ òun bá pé, kí wọ́n fi wẹ òun bí wọ́n ṣe fi wẹ ìyá òun. Ó ní n kò ní í já òun kulẹ̀, torí pé n kò já ìyá òun kulẹ̀.

Mo gbé e síbẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó gbójú sókè sí mi.

"Òjò ni?" ó ní.

"Òjò ni."

Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohùn ọjọ́ náà ni mo fi dá a lóhùn, kò yàtọ̀, ó sì gbà á gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe gbà mí gbọ́.